Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: mọ́tò dúdú tíà-rọ́bà, láti ìfọ̀ dé sẹ̀rámíìkì, ní Akóbọ̀, Ìbàdàn

Ọkọ̀: sàlúùnù kékeré, dúdú, gígùn rẹ̀ mítà 4.6. Wọ́n wà á láti Èkó gba ọ̀nà márosẹ̀ wá sí Ìbàdàn, nǹkan bíi kìlómítà 128.
Ibi iṣẹ́: abẹ́ òrùlé ibi ìgbọ́kọ̀sí, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí a ti fi omi wọ́n kí eruku má baà gbéra.
Àkókò: ọjọ́ méjì nínú oṣù Kọkànlá. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Nígbà ọyẹ́, eruku yóò ti bà lé sẹ̀rámíìkì, ìyẹn omi ìdáàbòbò tó ń gbẹ le lójú ọ̀dà, kí ó tó gbẹ.

Ọ̀pọ̀ onímọ́tò tuntun ló máa ń ní kí á fi sẹ̀rámíìkì sí i lójú ẹsẹ̀, torí pé kò tíì rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n mọ́tò náà ti gun ọkọ̀ ojú omi, ó ti jókòó sí gbangba ní èbúté, eruku irin láti ara bíréékì àti ẹ̀rọ ti bà lé e, kóòtà ojú títì sì ti ta sí i lára. Ohunkóhun tó bá wà lójú ọ̀dà lọ́jọ́ tí ẹ fi sẹ̀rámíìkì bò ó, abẹ́ sẹ̀rámíìkì ni yóò máa gbé. Ìdí nìyí tí ìfọ̀ àti ìyọ̀dọ̀tí fi gba ọjọ́ kan gbáko nínú iṣẹ́ yìí, tí fífi sẹ̀rámíìkì sí i kò sì gbà ju òwúrọ̀ kan lọ.

Ìpele 1: Àyẹ̀wò kí omi tó kàn án

Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ funfun, ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ìnípọn ọ̀dà, àti láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì kan.

Ẹ̀rọ náà ka 108 sí 127 máíkíròn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òrùlé àti ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dára fún mọ́tò tuntun. Gbogbo àkópọ̀ ọ̀dà nìyẹn: ọ̀dà ìsàlẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀, àti kílíà tó wà lókè pátápátá. Kílíà nìkan sábà máa ń wà láàárín 35 sí 50 máíkíròn, ìyẹn bí ìdajì ìnípọn bébà fọ́tòkọ́pì kan. Inú ìwọ̀nba yẹn ni gbogbo pọ́líìṣì tí wọ́n bá fi ṣe ọkọ̀ náà títí ayé rẹ̀ yóò ti máa jẹ. Bí ẹ̀rọ bá ka 200 sókè lójú kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tún ibẹ̀ kùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ kò ní ka nǹkan kan lára bọ́ńpà, torí ike ni.

Ohun tí tọ́ọ̀ṣì fi hàn: ìlà gọ́ọ̀mù méjì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọ̀rá funfun tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ nílé iṣẹ́ parí sí, ẹ̀kán kóòtà lẹ́yìn táyà iwájú àti ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, àmì pupa tíntìntín lórí bùútù, àti ìlà roboto yíká ọwọ́ ilẹ̀kùn, èyí tó ń fi hàn pé ẹnìkan ti fi àkísà gbígbẹ nù ún kí wọ́n tó gbé e jáde. Bí ẹ bá fẹ́ gba mọ́tò tuntun, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì nù ún. Wọn yóò rò pé àwàdà ni. Ẹ tún un sọ.

Ìpele 2: Omi

Omi bóòhóòlù àti ti kànga sábà máa ń ní èròjà ilẹ̀ nínú, èyí tó máa ń fi òrùka funfun sílẹ̀ bí ó bá gbẹ. Ẹ kán omi yín sórí dígí kan, ẹ gbé e sóòrùn, ẹ wò ó lẹ́yìn tó bá gbẹ. Ti bóòhóòlù fi òrùka sílẹ̀. Omi òjò tí a gbè sínú dúrọ́ọ̀mù abìdérí kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Nítorí náà bóòhóòlù la fi fọ̀ ọ́, bíi lítà 180, omi òjò lítà 60 la sì fi ṣan án kẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ gbe omi òjò, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ṣàn dànù, òun ló ń fọ eruku orí páànù.

Ìpele 3: Ìfọ̀

Ríìmù àti táyà ni a kọ́kọ́ fọ̀, nígbà tí wọ́n tutù, pẹ̀lú garawa àti búrọ́ọ̀ṣì tiwọn. Ohunkóhun tó bá ti kan ríìmù kò gbọ́dọ̀ kan ọ̀dà mọ́ láé.

Lẹ́yìn náà, a fi prẹ́ṣà fọ́n ìfófó sí gbogbo ara ọkọ̀: ṣámpù mìlílítà 100 pọ̀ mọ́ omi mìlílítà 900 nínú ìgò ìfófó. Ó wà lára ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, a ṣan án láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹnu prẹ́ṣà kò sún mọ́ ọ̀dà ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Èrò ibẹ̀ ni pé kí iyanrìn bá omi lọ kí ọwọ́ tó débẹ̀.

Ìfọ̀ ọwọ́: garawa méjì, lítà 15 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣámpù mìlílítà 30 wà nínú àkọ́kọ́, omi lásán nínú èkejì. Ìbọ̀wọ́ máíkírófáíbà máa ń ti inú ọṣẹ lọ sára ọkọ̀, ó máa ń ti ara ọkọ̀ lọ sínú omi lásán, kí ó tó padà sínú ọṣẹ. Nísàlẹ̀ garawa omi lásán, asẹ́ ike kan tí a dojú rẹ̀ dé ni iyanrìn ń gba ihò rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tí kò sì ní gbéra padà. Asẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà fún ìdáná náà ni, ó ṣe iṣẹ́ èyí tí wọ́n ń tà lọ́wọ́n fún mọ́tò. Òrùlé ni ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà gíláàsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì, òkè ilẹ̀kùn, bùútù. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà ẹ̀yìn ló kẹ́yìn. Ìlà gbọọrọ la fi ń nù ún, a kò yí ọwọ́ po.

Fóòmù tí wọ́n gé lára mátírẹ́ẹ̀sì, èyí tí ẹ máa ń rí ní ibi ìfọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì, ń gbé iyanrìn pamọ́ sínú ihò rẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú sì ń ṣí wáàsì kúrò, ó ń jẹ́ kí rọ́bà etí ilẹ̀kùn gbẹ. Owó ìfọ̀ tó dínkù níbẹ̀, ẹni tó máa pọ́líìṣì ọkọ̀ náà lọ́jọ́ iwájú ni ẹ máa san án fún.

Ìpele 4: Gọ́ọ̀mù àti kóòtà

Aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná, èyí tí ọwọ́ ṣì lè gbà, la tẹ́ sórí gọ́ọ̀mù fún ìṣẹ́jú kan. Gọ́ọ̀mù rọ̀, a fi etí káàdì ike tí a fi aṣọ wé ti èyí tó pọ̀ kúrò, a sì fi omi ìyọ-kóòtà díẹ̀ nu ìyókù. Omi yìí kan náà la tẹ̀ mọ́ ẹ̀kán kóòtà pẹ̀lú aṣọ fún ìṣẹ́jú méjì, kóòtà bá aṣọ jáde. Ẹ má fi èékánná họ ọ́.

Kẹrosíìnì ń yọ kóòtà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi òróró sílẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ fọ̀ kúrò, kò sì dára fún rọ́bà. Bẹntiróòlù lè gbiná. Tínà àwọn tó ń kun mọ́tò ń jẹ ike àti ọ̀dà, ẹ má gbé e wá sítòsí rárá. A gbìyànjú láti fi kíléè, amọ̀ rírọ̀ tí a fi ń fa ìdọ̀tí kúrò lójú ọ̀dà, yọ ìlà gọ́ọ̀mù kejì láì fi omi gbígbóná sí i: gọ́ọ̀mù náà wọ inú kíléè, kò kúrò níbẹ̀ mọ́, ìdá mẹ́ta kan kíléè náà sì di ohun ìsọnù.

Ìpele 5: Irin

Iron remover, omi tó ń yọ eruku irin, la fi ṣe èyí. Èròjà thioglycolate inú rẹ̀ ń dì mọ́ irin tó ti há sínú kílíà, ó sì ń di àwọ̀ àlùkò. Lára mọ́tò funfun, ẹ ó rí i gbangba. Lára dúdú, ẹ wo omi tó ń ṣàn bọ́ sílẹ̀. Mìlílítà 300 ló lọ sí gbogbo ara ọkọ̀ náà. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, bùútù àti ríìmù ló ṣàn jù.

Abẹ́ òrùlé, ara ọkọ̀ tó tutù, ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbòmú. Òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, a ṣan án kúrò pẹ̀lú omi púpọ̀. Bí ó bá gbẹ sára ọ̀dà, yóò fi àbàwọ́n sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń gbẹ, ẹ fi omi ṣan án lójú ẹsẹ̀, ẹ tún un fọ́n sí ibẹ̀. Lórí bùútù, a fọ́n ọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìpele 6: Kíléè

Ẹ ti ọwọ́ bọ láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì, ẹ fi ìka rọra pa ojú ọ̀dà tó ti mọ́ tó sì tutù. Láílọ́ọ̀nù ń jẹ́ kí ìka mọ ohun tí ojú kò rí. Òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣì rí ṣákiṣàki, ilẹ̀kùn ti dán. Nítorí náà òrùlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì, bùútù àti gíláàsì iwájú nìkan la fi kíléè sí. Kíléè fúnra rẹ̀ lè fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára ọ̀dà dúdú, kò sídìí láti lò ó níbi tí kò ti sí ìdọ̀tí.

Kíléè gíráàmù 100, oríṣi rírọ̀, la gé sí mẹ́ta. Ọ̀kan ti lọ sí gọ́ọ̀mù. Méjì tó kù tó. Ohun tí ń mú un yọ̀: ṣámpù mìlílítà 5 nínú omi mìlílítà 500, a fọ́n ọn dáadáa kí kíléè tó kan ọ̀dà. Ibi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40 níbùú-lóròó lẹ́ẹ̀kan, ìlà gbọọrọ, ọwọ́ fúyẹ́. Bí ìró kùrùkùrù rẹ̀ bá dákẹ́, ó ti mọ́. Ẹ pọ̀ ọ́, ẹ ṣẹ́ ẹ po kí ojú tuntun jáde. Ooru ọ̀sán ń mú kíléè rọ̀ jù, ẹ fi sínú omi tútù díẹ̀. Èyí tó bá jábọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù, ó ti gbé iyanrìn.

Ìpele 7: Pọ́líìṣì

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò tuntun ló nílò pọ́líìṣì. Èyí nílò rẹ̀ nítorí ìlà roboto àti ìlà díẹ̀ tí kíléè fi sílẹ̀.

Ẹ̀rọ pọ́líìṣì alájùmọ̀yí, èyí tí wọ́n ń pè ní DA, ń yí po, ó tún ń mì, kò sì rọrùn fún un láti jó ọ̀dà. Ẹ̀rọ oníyíyípo kan ṣoṣo tí àwọn pẹ́ńtà fẹ́ràn lè jó kílíà etí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárín ìṣẹ́jú àáyá bí ọwọ́ kò bá mọ̀ ọ́n.

Iná: ẹ̀rọ yìí ń jẹ wáàtì 900. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ sí I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé e. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀dà, iná á wálẹ̀, pádì, ìyẹn fóòmù tó wà lójú ẹ̀rọ, á dúró láìyí, ó kàn máa ń gbọ̀n lójú kan ni. 2.5 kVA gbé e láìjanpata. Ẹ fi máákà fa ìlà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tó di pádì mú: bí ìlà náà bá ń yí, iṣẹ́ ń lọ, bí ó bá dúró, ẹ dín ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kù.

Pépà tépù lọ sí gbogbo ike dúdú àti rọ́bà, torí pé pọ́líìṣì máa ń fi àmì funfun sí ike, kì í sì í tètè kúrò.

Ìdánwò: ojú kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50 lórí bùútù. Pádì tó le díẹ̀ pẹ̀lú pọ́líìṣì ìparí pa ìlà náà rẹ́, ṣùgbọ́n ó fi ìkùukùu sílẹ̀ tó hàn lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. A pààrọ̀ rẹ̀ sí pádì rírọ̀, pọ́líìṣì kan náà, iyára 4, ẹ̀kán mẹ́rin tó tó ẹ̀wà, ìrìn mẹ́rin síwá-sẹ́yìn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìkùukùu lọ, nǹkan bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìlà náà sì lọ. Àwọn tó jìn la fi sílẹ̀. Mọ́tò tuntun tó ní ìlà méjì tó sì ní kílíà tó pé, ó sàn ju èyí tó ń kọ mànà tí kílíà rẹ̀ ti rọ lọ.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo pádì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pọ́líìṣì gbígbẹ á máa họ ọ̀dà. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ìnípọn ka iye tí kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ìpele 8: Ọ̀rá ìdáàbòbò

Èyí gbọ́dọ̀ ṣáájú sẹ̀rámíìkì, torí pé ọ̀rá kì í lẹ̀ mọ́ sẹ̀rámíìkì dáadáa. Ọ̀rá TPU (oríṣi ike tó ń fà bíi rọ́bà) tó nípọn tó máíkíròn 150 sí 200 lè gba òkúta kéékèèké. Sẹ̀rámíìkì, tí kì í sábà ju máíkíròn kan sí méjì lọ, kò lè gbà á. Ẹni tó bá sọ fún yín pé sẹ̀rámíìkì ń dá hándù ọ̀kadà dúró ń ta ọjà ni.

Ibi tí a fi í sí kò ju inú ọwọ́ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí ilẹ̀kùn, àti orí bọ́ńpà ẹ̀yìn níbi tí ẹrù ti máa ń họ ọ́. Ṣámpù ọmọdé ẹ̀kán díẹ̀ nínú omi lítà kan, a fọ́n ọn sí ojú méjèèjì, a gbé ọ̀rá sí i, a fi ìtẹmi rọ́bà ti omi jáde láti àárín sí etí. Ó sùn mọ́jú kí a tó fi nǹkan míì sún mọ́ ọn.

Ìpele 9: Nínu òróró kúrò, àti sẹ̀rámíìkì

Ọjọ́ kejì, aago méje àárọ̀. Isopropyl alcohol 99% mìlílítà 150 pọ̀ mọ́ omi mìlílítà 850, a fọ́n ọn sí ara aṣọ àti ọkọ̀, a nù ún pẹ̀lú aṣọ méjì, ọ̀kan tútù, èkejì gbígbẹ. Òróró inú pọ́líìṣì ló ń yọ; bí ó bá kù, sẹ̀rámíìkì kò ní lẹ̀.

Ìgò sẹ̀rámíìkì mìlílítà 30. Ẹ̀kán mẹ́jọ sórí aṣọ tí a wé mọ́ búlọ́ọ̀kù fóòmù, ojú tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40 lẹ́ẹ̀kan, níbùú lẹ́yìn náà lóròó. Bí àwọ̀ òṣùmàrè bá ti hàn tó sì ń pò pọ̀ di ẹ̀kán kéékèèké, aṣọ kìíní nu èyí tó pọ̀, aṣọ kejì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ẹnìkejì mú tọ́ọ̀ṣì dání láti ẹ̀gbẹ́.

Ara ìgò sọ pé kí á dúró ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ojú ọjọ́ tó tutù bíi 20°C ni irú àkókò bẹ́ẹ̀ bá mu. Ní Ìbàdàn, ní 29°C lábẹ́ òrùlé, ìṣẹ́jú méjì ti pọ̀ jù: lórí òrùlé ọkọ̀, níbi tí a ti tẹ̀ lé ara ìgò, sẹ̀rámíìkì ti dì mú, aṣọ kò lè tẹ́ ẹ, ìlà dúdú méjì ló kù níbẹ̀. Àtúnṣe: ẹ fi sẹ̀rámíìkì tuntun díẹ̀ lé e láàárín wákàtí kan, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ nù ún. Tuntun náà á mú ti àkọ́kọ́ rọ̀, ìlà náà á lọ. Bí ó bá ti di ọjọ́ kejì, pọ́líìṣì nìkan ló lè yọ ọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú àáyá 40 la ń kà ní àárọ̀, nígbà tó sì di aago mẹ́wàá ó di 25. Aago mọ́kànlá la dúró.

Ẹ máa dé ìgò náà nígbà gbogbo. Sẹ̀rámíìkì tó gbẹ sẹ́nu ìgò ń le, bí ó bá já sínú aṣọ, yóò họ ọ̀dà. Aṣọ tí ẹ fi nù ún ń le bákan náà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ẹ kó o fún ẹni tó ń nu ẹ̀rọ, kò gbọ́dọ̀ kan ọkọ̀ mọ́. Mìlílítà 22 ló lọ fún bíbò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A kò bò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Wákàtí 24 láìfi omi kàn án, ọjọ́ méje láìfi ọṣẹ kàn án. Ìrì òru oṣù Kọkànlá kò kéré, nítorí náà abẹ́ òrùlé ló sùn. Bí ìrì bá bọ́ sí i, ẹ tẹ aṣọ gbígbẹ lé e kí omi wọ inú aṣọ, ẹ má nù ún.

Gíláàsì iwájú, ríìmù àti ike dúdú gba ìyókù ìgò náà, ní ọ̀nà kan náà.

Owó

Ṣámpù lítà kan ₦9,500, iron remover mìlílítà 500, ₦13,000, omi ìyọ-kóòtà ₦7,500, kíléè ₦6,000, aṣọ máíkírófáíbà 12, ₦14,400, ìbọ̀wọ́ ìfọ̀ ₦4,500, táwẹ̀lì ìnugbẹ ₦6,500, pádì méjì ₦11,000, pọ́líìṣì ìparí ₦12,000, isopropyl alcohol ₦6,000, sẹ̀rámíìkì ₦28,000, ọ̀rá ₦15,000, pépà tépù méjì ₦2,400, bẹntiróòlù ₦7,200. Àpapọ̀ ₦143,000, láìka ẹ̀rọ pọ́líìṣì, prẹ́ṣà àti jẹnẹrétọ̀ tó ti wà nílẹ̀. Aṣọ, táwẹ̀lì àti tépù, ẹ lè rí wọn ní ọjà ohun èlò mọ́tò Araròmí ní Agodi Gate. Ẹ wo etí aṣọ náà kí ẹ tó sanwó, èyí tí wọ́n fi òwú ọ̀rá líle rán lẹ́tí ń họ kílíà. Bí owó yín kò bá tó, ẹ yọ sẹ̀rámíìkì kúrò, ẹ fi wáàsì lásán rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì tún un fi sí i lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ má yọ ìbọ̀wọ́ ìfọ̀ àti garawa méjì.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Eruku pupa ojú ọ̀nà Akóbọ̀ tí kò ní kóòtà àti ti ọyẹ́ kò ṣeé fi ìgbálẹ̀ oníyẹ́ gbọ̀n, ó ń fa eruku náà gba orí ọ̀dà. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan án, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje igi máńgòrò: ẹ tẹ́ aṣọ tútù lé e fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ gbé e kúrò láì gbo ó, kí ẹ sì ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé òrùn ọ̀sán lórí ọ̀dà dúdú lè mú kí ìgbẹ́ ẹyẹ jẹ kílíà kí ilẹ̀ tó ṣú. Aṣọ máíkírófáíbà, ẹ fọ̀ wọ́n lọ́tọ̀, ọṣẹ olómi díẹ̀, láìsí omi ìmúṣọrọ̀, kí ẹ sì sá wọn sínú ilé, nítorí eruku inú ọgbà yóò ti wọ inú wọn kí wọ́n tó gbẹ.